Ọmọ ọdún 71 ni mí, mo fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ oníná: kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

#1 BàbáAgùnkẹ̀kẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ ọdún 71 ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́, òun náà ni mo sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọdún 6 sẹ́yìn ni orúnkún mi òsì bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí òkè lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, àyà mi á ti já kí n tó débẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó ń dípẹtà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan gbé kẹ̀kẹ́ oníná tirẹ̀ wá, ó ní kí n gùn ún wò. Mi ò tíì gùn ún tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi bú sẹ́rìn-ín, èmi nìkan, lójú títì. Òkè tí mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn, orí rẹ̀ ni mo wà kí n tó rántí pé mo ní orúnkún.

Bí mo ṣe wá kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì láti wádìí nìyẹn, tí orí mi dàrú. Ẹnìkan ní ẹ́ńjìnnì tó wà láàárín ló dáa, ẹlòmíràn ní èyí tó wà nínú họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín gbùngbùn táyà ẹ̀yìn. Wọ́n ní 250 W, wọ́n ní 750 W, wọ́n ní 36 V, wọ́n ní 48 V. Kí gan-an ló yẹ kí ẹni tó ti dàgbà wò? Gíga mi ò ju 165 cm lọ, mo sì wọn 78 kg. Mi ò wá eré o. Mo kàn fẹ́ máa jáde lójoojúmọ́, kí n sì máa padà sílé lódindi.

#2 Atúnkẹ̀kẹ́ṣe

Bàbá, ẹ káàbọ̀. Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ni mò ń ṣe jẹun, ti oníná sì ti pọ̀ lọ́wọ́ mi báyìí ju ti ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ná. Bí ẹ ó ṣe gùn ún àti bí ẹ ó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Àwọn àgbà tó ń gbé kẹ̀kẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti wọ́ wá bá mi, tí mo bá bi wọ́n pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ pé orí eré ni. Wọ́n á ní, "Mo ti dúró tán ni o." Ẹsẹ̀ kan ti wà nílẹ̀, èkejì ń wá ọ̀nà kọjá lórí irin, kẹ̀kẹ́ bá fì. Kẹ̀kẹ́ lásán sábà máa ń wọn 12 sí 15 kg, ẹ lè fi itan gbé e dúró. Oníná máa ń wà láàárín 20 sí 30 kg. Bí 27 kg bá ti fì kọjá ibì kan, ẹ jọ ń lọ sílẹ̀ ni.

Nítorí náà, férémù tí irin àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an ni kí ẹ wá, irú èyí tí èèyàn ń gbé ẹsẹ̀ kọjá níwájú ìjókòó bí ẹni tó ń wọlé. Àwọn ọkùnrin kan máa ń yínmú sí i pé kẹ̀kẹ́ obìnrin ni. Orúnkún ò mọ ìyẹn. Ẹ wọ bàtà tí ẹ máa ń wọ̀ jáde, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí irin náà nígbà mẹ́wàá léraléra. Ti ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ ló ń sọ òótọ́, ti ìkẹwàá ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e. Olùtajà ò ní rán yín létí èyí. Ẹ gbé iwájú rẹ̀, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ tì í gun àtẹ̀gùn kan tàbí méjì, ẹ yí i padà níbi tó fún. Bí ẹ bá ní àtẹ̀gùn nílé, ìwọ̀n yẹn ló máa sọ bóyá ẹ ó máa jáde lójoojúmọ́ tàbí ẹ ó kàn máa wò ó. Àwọn kan ní bọ́tìnnì ìrìn: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ á máa yí táyà fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bí ẹni tó ń rìn. Ẹ bèèrè rẹ̀.

#3 Ògbólógbòó

Ẹ má bínú sí mi o. Mo ti pé 74, ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń wa kẹ̀kẹ́ mi títí dòní. Àbúrò mi, bí iná bá ń bá ọ gun òkè, eré ìdárayá wo ló kù níbẹ̀? Kúkú ra alùpùpù, kí gbogbo wa mọ̀ pé alùpùpù lo rà. Ohun ìgbàlódé yìí ti pọ̀ jù.

#4 ÌyáOlókè

Ẹ̀gbọ́n Ògbólógbòó, ẹ ṣé tí ẹ gba ẹnu àwọn tó ń rò ó sínú sọ ọ́.

Ọmọ ọdún 68 ni mí, orí òkè ni ilé mi wà, ọdún kẹrin mi rèé lórí oníná. Èyí tí mò ń gùn yìí, bí mi ò bá yí pẹ́dàlì, kò lọ síbì kankan. Ìpele ìrànlọ́wọ́ mẹ́rin ló ní. Ní ìpele kìn-ín-ní, ó dà bí ìgbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ èèyàn látẹ̀yìn. Ní ìkẹrin, ó dà bí ìgbà tí bàbá mi máa ń ti ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi nígbà tí mò ń kọ́ ọ. Mo ṣì ń làágùn o. Ohun tó yàtọ̀ ni pé bí mo bá dé òkè, mo ṣì lè kí ènìyàn kí n tó wá èémí.

Èmi tí mò ń gun ti ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí mo máa ń wá àwáwí, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mò ń jáde lọ́sẹ̀ báyìí. Ẹ bá mi ṣírò èyí tó jẹ́ eré ìdárayá nínú méjèèjì.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ̀rí tó ju ẹnu mi lọ, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Reading nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde ní 2019. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 50 sí 83 ni wọ́n lò. Wọ́n ní kí wọ́n máa gun kẹ̀kẹ́ fún 30 ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 8. Àwọn kan gun ti ẹlẹ́sẹ̀, àwọn kan gun oníná. Nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ àti ìfarabalẹ̀ ọkàn wọn wò, àwọn oníná kò gbẹ́yìn rárá. Níbi tí ọ̀rọ̀ ọkàn wà, àwọn gan-an ló jèrè jù.

#5 Atúnkẹ̀kẹ́ṣe

Ẹ̀yin bàbá, ìgbàlódé kọ́ o. Ọdún 1895 ni Ogden Bolton ti gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà lórí kẹ̀kẹ́ tó ní ẹ́ńjìnnì iná nínú họ́ọ̀bù táyà ẹ̀yìn. Àgbà ju gbogbo wa lọ ni. Èyí tó ń dúró de ẹsẹ̀ kó tó ṣe ìrànlọ́wọ́ ló pẹ́ kó tó dé ọjà: Yamaha ti Japan gbé irú rẹ̀ tí wọ́n pè ní PAS jáde ní 1993.

#6 Ògbólógbòó

Mo gbọ́. Ẹsẹ̀ ni mò ń fi wa tèmi.

#7 Nọ́ọ̀sìÀná

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì.

Bàbá Agùnkẹ̀kẹ́, ẹ ò sọ oògùn tí ẹ ń lò, ẹ má sì sọ ọ́ níbí, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó bá ṣubú tó fi orí gbá ilẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ tààrà, bí ẹ̀jẹ̀ ò tilẹ̀ jáde, bó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn nínú agbárí fún wákàtí mélòó kan kí ara tó sọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan sì wà tó máa ń mú òòyì wá bí èèyàn bá dìde lójijì. Àkókò tí ẹ bá dúró tí ẹ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni òòyì yẹn máa ń yan. Akoto lórí nígbà gbogbo, kódà bí ẹ ò bá kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ẹ dúró nítòsí ògiri, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ẹ ka 10. Bí ẹ bá ní láti di ògiri mú kí ẹ tó ka márùn-ún, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ọrùn wo ẹ̀yìn láìyí èjìká. Ọ̀pọ̀ wa kò lè ṣe é mọ́, a ò sì mọ̀. Dígí kékeré lápá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló máa gbà yín.

Ní ti orúnkún, ọ̀rọ̀ ìjókòó ni. Ìjókòó tó lọ sílẹ̀ jù ń pa orúnkún. Nígbà tí pẹ́dàlì bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, orúnkún yẹ kó tẹ̀ díẹ̀ péré. Bó bá tẹ̀ púpọ̀, eegun iwájú orúnkún á máa gbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìgbà ẹgbẹ̀rún nínú ìrìn kan.

#8 Atúnkẹ̀kẹ́ṣe

Màmá ti fi ọwọ́ kan ibi tó ń ro mí. Ìjókòó tó dáa fún orúnkún ga jù fún ìdúró. Bí mo bá gbé e sókè bí nọ́ọ̀sì ṣe wí, ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá dúró. Bí mo bá sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín tẹ́ sílẹ̀, orúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ti rí ẹni tó torí èyí pa kẹ̀kẹ́ tì, tó rò pé òun ti darúgbó jù.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ni mo mọ̀. Férémù kan wà tí wọ́n ti sún pẹ́dàlì síwájú díẹ̀ sí ti ìjókòó. Ẹsẹ̀ á máa nà síwájú dípò kó máa nà sísàlẹ̀, nítorí náà ìjókòó lè lọ sílẹ̀, kí orúnkún sì má tẹ̀ jù. Ẹ ó dúró, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì á tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀ láìkúrò lórí ìjókòó. Ó rọ̀ lójú, àmọ́ ó ṣòro láti dìde dúró lórí pẹ́dàlì bí ẹ bá dé kòtò. Èkejì ni òpó ìjókòó tó ní bọ́tìnnì lọ́wọ́: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi ìdí tì í, ó lọ sílẹ̀, ẹ gbéra, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ó gòkè. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí àpáta ló kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn àgbà gan-an ló yẹ kó jẹ́ tiwọn.

#9 BàbáAgùnkẹ̀kẹ́

Ẹ kú àdúrótì. Mo ka 7 kí n tó di ògiri mú ní ẹsẹ̀ òsì. Ti ọ̀tún, mo ka 10 tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ ti ẹ́ńjìnnì fún mi. Wọ́n ń pariwo sẹ́ńsọ̀, kí ni sẹ́ńsọ̀?

#10 ÌyáOlókè

Ẹ jẹ́ kí èmi sọ bó ṣe rí lára, kí ọmọ wa wá sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Sẹ́ńsọ̀ ni ohun tó ń sọ ohun tí ẹsẹ̀ wa ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì. Mo ti gun oríṣi méjì. Ti àkọ́kọ́, ó kàn ń wò bóyá pẹ́dàlì ń yí ni. Bó bá ti yí díẹ̀ báyìí, ó ti gbé gbogbo agbára ìpele yẹn sílẹ̀. Bí mo bá fẹ́ yí padà níbi tó fún, ó máa ń ta mí síwájú. Bí mo bá dá ẹsẹ̀ dúró, ó tún máa ń lọ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó gbọ́. Ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn pọ̀ bí ọmọ kékeré bá yọ sójú ọ̀nà.

Èyí tí mò ń gùn báyìí ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ mi ṣe wúwo tó. Mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó ṣe ìrànlọ́wọ́ jẹ́jẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ gidi, ó gbé mi. Kẹ̀kẹ́ ni, kì í ṣe ẹṣin tí kò tíì mọ olówó rẹ̀.

#11 Atúnkẹ̀kẹ́ṣe

Màmá ti parí iṣẹ́ mi. Èyí tó ń gbọ́ ìwúwo ẹsẹ̀ ni mo máa ń bá àgbà yàn, àfi ẹnìkan: ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ nǹkan rárá. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, sẹ́ńsọ̀ tó kàn ń wo yíyí lè sàn jù, nítorí kò bèèrè agbára, ó ní kí ẹ sáà máa yí i. Ṣùgbọ́n ìpele kìn-ín-ní rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀.

Ẹ́ńjìnnì tó wà láàárín, níbi pẹ́dàlì, ń lo jíà kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí náà ó lágbára lórí òkè gíga, ìwúwo rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣéènì rẹ̀ ń tètè jẹ, ẹ sì gbọ́dọ̀ dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ yí jíà. Ti họ́ọ̀bù kò ní wàhálà ṣéènì yẹn. Kì í sábà fẹ́ràn òkè gígùn, bí táyà rẹ̀ bá sì jò, títú rẹ̀ gba sùúrù díẹ̀. Ní ti agbára yíyí, tí wọ́n ń fi Nm wọ̀n, 40 Nm tó fún ilẹ̀ pẹrẹsẹ àti òkè kékeré; bí òkè yín bá ga, ẹ wá 60 sókè. Ti W tí ẹ ń rí yẹn, ìyẹn ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì, òfin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Yúróòpù, èyí tí òfin kà sí kẹ̀kẹ́ lásán jẹ́ 250 W, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ sì ń dá bó bá ti dé 25 km/h. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà gba 750 W, wọ́n sì pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta: ìrànlọ́wọ́ ìsọ̀rí 1 àti 2 ń dá ní 32 km/h, ti ìsọ̀rí 3 ní 45. Ìsọ̀rí 2 lè ní ibi tí wọ́n ń lọ́ lọ́wọ́ bíi ti alùpùpù. Ẹ wò ó lábẹ́ òfin ibi tí ẹ wà.

Bíréèkì: dísíìkì tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́ ni kí ẹ rà. Ìka kan ló ń fà á. Ẹni tí oríkèé ọwọ́ ń dùn kò gbọdọ̀ máa fi gbogbo ọwọ́ fa wáyà láti dá 100 kg dúró, nítorí ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ kò lè dín sí ìyẹn. Táyà fífẹ̀, inṣì 2 sókè. Ó ń gba kòtò mọ́ra kó tó dé ẹ̀yìn yín.

#12 ỌmọBàbá_Kékeré

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, bàbá mi náà ń wá a. Mò ń bẹ̀rù bátìrì. A máa ń gbọ́ pé ó ń gbiná. Báwo sì ni èèyàn ṣe máa mọ ibi tó lè gbé e dé?

#13 Atúnkẹ̀kẹ́ṣe

Ìbẹ̀rù rẹ tọ́, má jẹ́ kó pọ̀ jù.

Ti jíjìnnà: wo V (agbára tó ń ti iná) àti Ah (iye iná tí bátìrì gbà) lára bátìrì, fi V sọ Ah di púpọ̀, o ó rí Wh, àpapọ̀ agbára tó wà nínú rẹ̀. 36 V lọ́nà 14 Ah, 504 Wh nìyẹn. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ wẹ́rẹ́, kìlómítà kan máa ń jẹ bíi 10 Wh, nítorí náà bíi 50 km. Bí òkè bá pọ̀, bí atẹ́gùn bá dojú kọ ọ́, tàbí bí bàbá bá fi sí ìpele tó ga jù láti ilé, ó lè di 18 Wh fún kìlómítà kan, 28 km ni yóò gbé e dé. Ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni kí o fi ṣètò, kó má bàa di pé bàbá ń ti 25 kg bọ̀ wálé. Òtútù náà ń dín in kù.

Ti iná: bátìrì tí kò lórúkọ, tí ẹnìkan kàn fọwọ́ so pọ̀ nílé, ni kí o sá fún. Wá àmì àyẹ̀wò ààbò: UL 2849 (ti Amẹ́ríkà) tàbí EN 15194 (ti Yúróòpù) lára kẹ̀kẹ́, UL 2271 lára bátìrì. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023, ìlú New York kò gbà kí wọ́n ta èyí tí kò bá ìwọ̀n UL mu mọ́, ohun tí ojú wọn sì ti rí ló fà á. Ṣájà tó bá a wá nìkan ni kó lò. Kó gba iná sí i nígbà tí ojú wà lójúfò, lórí ilẹ̀ líle, kì í ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọn yóò gbà sá jáde. Bí bátìrì bá ti ṣubú tó wú tàbí tó ń rùn, ó ti parí nìyẹn. Kó má gba iná sí i nígbà tó tutù bíi yìnyín. Kó jẹ́ kó yá díẹ̀ nínú ilé ná. Bí kò bá ní gùn ún fún oṣù kan, ìdajì iná ni kó fi sínú rẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ ó gbé e wọ bàálù o: èyí tó ju 160 Wh lọ, wọn kì í gbà á nínú bàálù èrò.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kì í wò: jẹ́ kí bàbá fúnra rẹ̀ yọ bátìrì náà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó máa ń wọn 2.5 sí 4 kg. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kéré bí èékánná, ihò rẹ̀ sì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ níbi tí èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó rí i. Mo ní oníbàárà kan tó so rọ́bà pupa tó nípọn mọ́ orí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ kí ìka rẹ̀ lè dì í mú.

#14 Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́ta

Kò sẹ́ni tó dárúkọ tiwa. Mo ti pé 77, etí inú mi kò bá mi ṣe mọ́, mo ń fì bí mo bá rìn. Kẹ̀kẹ́ oníná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mò ń gùn. Bí mo bá dúró, mo dúró, ẹsẹ̀ mi wà lórí pẹ́dàlì. Mo lè máa wo ẹyẹ.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Ẹni tó ti mọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì gùn ló máa kọ́kọ́ ṣubú lórí rẹ̀, nítorí ara rẹ̀ fẹ́ fì sínú kọ́nà, ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í fì. Bí ẹ bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré, táyà ẹ̀yìn kan á gbéra. Bí títì bá sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fà yín lọ síbẹ̀. Ẹ rọra wọ kọ́nà, ẹ gbé ara sí inú. Èyí tó lọ sílẹ̀, tí táyà méjì wà níwájú, dúró dáadáa jù, àmọ́ dídìde kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ fún orúnkún. Ẹ sì wọn ẹnu ọ̀nà yín kí ẹ tó rà á. Èmi ò wọ̀n ọ́n.

#15 BàbáAgùnkẹ̀kẹ́

Mo ti padà dé, mo gun mẹ́ta wò lánàá.

Ti àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì tó lágbára nínú họ́ọ̀bù, sẹ́ńsọ̀ tó ń wo yíyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á ní, "Bàbá, ẹ ó gbádùn agbára yìí." Mo gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì, ó gbé mi dé ẹ̀gbẹ́ ògiri kí n tó gbádùn. Mo dá a padà.

Ti èkejì, ẹ́ńjìnnì àárín, 65 Nm, dídùn bí ẹni ń lá àlá. Irin rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n 28 kg ni. Mo rántí ọ̀rọ̀ Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, mo gbé ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rọra gbé e kalẹ̀, mo ṣe bí ẹni tó ń wo táyà.

Ti ẹ̀kẹta kò jọ mí lójú rárá. Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, 40 Nm, 22 kg, sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́ ìwúwo ẹsẹ̀, pẹ́dàlì tó lọ síwájú bí ẹ ṣe sọ. Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá irin ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń wò mí, kò bèèrè nǹkan kan. Mo gùn ún lọ sí òkè tó wà lẹ́yìn ibẹ̀. Ó lọ́ra ju ti èkejì lọ, mo sì tẹ pẹ́dàlì gidi kí n tó dé òkè. Orúnkún kò dáhùn. Mo dúró lójú òkè, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, mo ṣì jókòó. Ìyẹn ló tà á fún mi.

#16 BàbáAgùnkẹ̀kẹ́

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtìjú mi kí ẹlòmíràn má bàa ṣe é. Mo dúró ní oríta, mò ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, mo gbàgbé pé mo wà ní ìpele tó ga jù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wà lórí pẹ́dàlì. Mo gbé ara lé e bí ẹni tó fẹ́ sinmi. Kẹ̀kẹ́ rò pé mo ní ó yá. Inú igbó etí ọ̀nà ni a ti parí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí egbò, àfi ẹ̀rín aládùúgbò.

Ní báyìí, bí mo bá ti dúró, ìka wà lórí bíréèkì. Mo ti ṣàkíyèsí pé bí mo bá di bíréèkì mú, ẹ́ńjìnnì tèmi kì í dáhùn. Mo sì máa ń sọ ìpele kalẹ̀ sí kìn-ín-ní kí n tó dúró, bí ẹni tó ń yí jíà mọ́tò.

Ohun tí mi ò retí ni etí. Nígbà tí mò ń gun ti ẹlẹ́sẹ̀, ìmí ara mi nìkan ni mò ń gbọ́ lórí òkè. Lánàá mo gbọ́ ẹyẹ kan lójú òkè kan náà. Mo ti ń kọjá níbẹ̀ fún ogún ọdún.

#17 Ògbólógbòó

Àbúrò, o kú orí ire inú igbó.

Mi ò tíì yí ọkàn padà o. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn èjìká mi. Ó ní ọdún 15 ni òun ti ń wo ẹ̀yìn mi lójú títì, pé mo máa ń lọ dúró de òun lórí òkè, bí òun bá sì dé, tí èémí òun ò tíì balẹ̀, mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ. Mi ò mọ̀ pé ó ń ka iye rẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ 152 cm. Kí ni kí a wò?

#18 ÌyáOlókè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kí wọn fún mi. Èyí tó fúyẹ́ jù tí ẹ bá rí, táyà 24 tàbí 20 inṣì dípò 28, kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè sún mọ́ wọn. Kí wọ́n fúnra wọn gun un wò, kí ẹ̀yin dúró sílé. Bí wọ́n bá ti rà á, ẹ̀yin lẹ máa máa wo ẹ̀yìn.

#19 BàbáAgùnkẹ̀kẹ́

Ẹ gbà mí o. Táyà ẹ̀yìn jò láàárọ̀ yìí. Mo mọ bí a ṣe ń lẹ táyà, ṣùgbọ́n wáyà wọ inú họ́ọ̀bù yìí, mi ò fẹ́ fà á já.

#20 Atúnkẹ̀kẹ́ṣe

Ẹ pa á pátápátá, ẹ yọ bátìrì. Ẹ tẹ̀ lé wáyà náà láti họ́ọ̀bù lọ síwájú. Kò ní jìnnà púpọ̀ kí ẹ tó kan ibi tó nípọn bí ìka ọmọdé. Ojú ìsopọ̀ nìyẹn. Ẹ nu ún, ẹ ó rí ọfà méjì tó dojú kọra. Ẹ di ìhà méjèèjì mú, ẹ fà á tààrà. Ẹ má lọ́ ọ rárá, irin tó wà nínú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì, ẹ ya fọ́tò bí àwọn wáṣà ṣe tò. Bí ẹ bá ń dá a padà, kí ọfà méjèèjì tún dojú kọra kí ẹ tó tì í.

#21 BàbáAgùnkẹ̀kẹ́

Mo ti rí àwọn ọfà náà, ẹrẹ̀ ló bò wọ́n. Ó ti já. Ẹ dúró ná.

#22 BàbáAgùnkẹ̀kẹ́

Ẹ̀gún ni. Mo ti lẹ̀ ẹ́, mo ti tò ó padà bí fọ́tò ṣe wí, ó ń kùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Wáṣà kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi.

#23 Atúnkẹ̀kẹ́ṣe

Bàbá, ẹ má gùn ún o! Ẹ fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí mi.